Kí ni ó mú igi le? Ìtumọ̀ orúkọ àwọn èròjà ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà máa ń wo ilé kí wọ́n tó fún ohun tuntun ní orúkọ, ṣùgbọ́n ilé tiwọn ni wọ́n ń wò, èdè Látìnì àti èdè Gíríìkì ni wọ́n sì sábà máa ń yá lò. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà wa tí ó ń múra ìdánwò bàọ́lọ́jì fi máa ń kọ́ cellulose, lignin, pectin àti sclerenchyma sórí bí ẹni tí ó ń kọ́ ọfọ̀, tí yóò sì ti gbàgbé wọn kí ó tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ohun tí ó dunni níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sí ní àyíká wa. Wọ́n wà nínú òwú, wọ́n wà nínú ìkarahun èkùrọ́, nínú pákò tí a fi ń rin ẹnu, nínú èèpo iṣu àti nínú ilá tí ó ti kó. Bí ènìyàn bá mọ ohun tí orúkọ kan ń tọ́ka sí, tí ó sì mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá, kò ní ṣòro fún un láti rántí rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ ṣe lójú ewé yìí. A ó fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bá wọn pàdé. Ṣùgbọ́n a ó tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ.

OHUN MẸ́TA TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÀRÚ MỌ́ RA WỌN

Kí á tó lọ jìnnà, ohun mẹ́ta kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ó sì máa ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni èròjà, sẹ́ẹ̀lì àti agbo sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí á fi agbo-ilé àtijọ́ wò ó. Amọ̀ ni a fi ń mọ ògiri. Ògiri ni ó ń yí iyàrá ká. Iyàrá púpọ̀ tí ó wà fún iṣẹ́ kan náà ni ó ń di agbo-ilé. Bí ó ṣe rí nínú ewéko gan-an nìyí. Èròjà ni amọ̀, sẹ́ẹ̀lì ni iyàrá, agbo sẹ́ẹ̀lì sì ni agbo-ilé. Cellulose, hemicellulose, pectin, lignin, suberin àti cutin jẹ́ èròjà, amọ̀ ni wọ́n. Sclereid jẹ́ irú sẹ́ẹ̀lì kan, iyàrá ni. Sclerenchyma àti xylem jẹ́ agbo sẹ́ẹ̀lì, agbo-ilé ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé lignin jẹ́ agbo sẹ́ẹ̀lì dà bí ẹni tí ó pe amọ̀ ní agbo-ilé.

Ọ̀rọ̀ iyàrá yìí kì í ṣe àfiwé tiwa nìkan. Ní ọdún 1665, onímọ̀ kan ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Robert Hooke, gbé ìwé kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Micrographia. Nínú rẹ̀ ni ó ti ròyìn bí òun ṣe fi ọ̀bẹ mímú gé èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, tí òun sì gbé e sábẹ́ awò tí ó ń mú ohun kékeré tóbi lójú. Àwọn ihò kéékèèké tí ó tò bí afárá oyin ni ó rí. Ó pe wọ́n ní cell, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí iyàrá kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwa sọ di sẹ́ẹ̀lì.

Ó yẹ kí á fi í sọ́kàn pé òkú èèpo igi ni Hooke ń wò. Ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń gbé inú àwọn iyàrá náà ti kú, ó ti gbẹ dànù. Ògiri nìkan ni ó kù. Nítorí náà, ògiri ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó mọ onílé.

BÍ EWÉKO ṢE Ń MỌ ÒGIRI RẸ̀

Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn àti ti ẹranko kò ní ògiri rárá, awọ fẹ́lẹ́ ni ó yí wọn ká. Egungun ni ó ń gbé ara wa ró. Ewéko kò ní egungun, ògiri sẹ́ẹ̀lì ni ó fi ń dìde dúró.

Ìpele mẹ́ta ni a lè pín ògiri yìí sí. Èkínní ni àlà tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì rẹ̀, tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Èkejì ni ògiri àkọ́mọ, tí sẹ́ẹ̀lì máa ń mọ nígbà tí ó ṣì kéré. Ògiri yìí tín-ín-rín, ó sì lè nà bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń dàgbà. Ẹ̀kẹta ni ògiri àmọkún. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó máa ń mọ ọn, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ gbígbé ẹrù tàbí gbígbé omi ni ó sábà máa ń mọ ọn. Inú iyàrá ni wọ́n ti máa ń mọ ọn, kì í ṣe ìta. Nítorí èyí, bí ògiri bá ṣe ń nípọn sí i ni iyàrá ń kéré sí i, títí onílé yóò fi kú sínú rẹ̀.

CELLULOSE: ỌPÁ IRIN INÚ ÒGIRI

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Anselme Payen, ni ó yọ èròjà yìí jáde láti ara oríṣìíríṣìí ewéko ní ọdún 1838. Ó rí i pé, ìbáà ṣe ara igi ni tàbí ara òwú, èròjà kan náà ni ó wà nídìí rẹ̀. Ibi tí ó ti rí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ohun tí ó jẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ṣúgà glucose ni a fi so cellulose pọ̀, ẹyọ kan tẹ̀ lé ẹyọ kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Ọ̀pọ̀ okùn bẹ́ẹ̀ yóò dùbúlẹ̀ ti ara wọn, wọn yóò sì di ara wọn mú gírígírí. Òun ni ó pọ̀ jù lọ láyé nínú gbogbo èròjà tí ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí i, kí ó wo òwú. Ohun tí ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún òwú tí a ti fọ̀ mọ́ ni ó jẹ́ cellulose.

Ìbéèrè kan máa ń jáde níbí. Bí ó bá jẹ́ pé glucose ni a fi ṣe cellulose, tí ó sì jẹ́ pé glucose náà ni a fi ṣe sítáàṣì inú iṣu àti gàárì, kí ló dé tí a kò lè jẹ òwú yó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a gbà so ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yàtọ̀. Ara wa ní ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú ti sítáàṣì, kò ní èyí tí ó lè tú ti cellulose. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù náà kò ní i fúnra wọn, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó kún inú àpòlúkù wọn ní i, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń bá wọn tú u. Nínú tiwa, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba inú kọjá ni, ó sì ń ran ìgbẹ́ yíyà lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí á jẹ ẹ̀fọ́ àti èso.

HEMICELLULOSE: ORÚKỌ TÍ Ó Ń ṢINI LỌ́NÀ

Ernst Schulze ni ó mú orúkọ yìí wá ní ọdún 1891. Hemi nínú èdè Gíríìkì túmọ̀ sí ìdajì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé cellulose tí kò tíì parí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ó wà, oríṣìíríṣìí ṣúgà ni a sì fi ṣe é, kì í ṣe glucose nìkan. Okùn rẹ̀ kúrú, ó sì ní ẹ̀ka. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ́ mọ́ cellulose, kí ó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn èròjà yòókù, bí okùn tí a fi ń di igi àjà pọ̀. Orúkọ náà ti mọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́nu kí wọ́n tó mọ òtítọ́, wọn kò sì yí i padà.

PECTIN: ÀTÈ TÍ Ó SO SẸ́Ẹ̀LÌ PỌ̀

Henri Braconnot, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fún un lórúkọ ní ọdún 1825, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ ohun tí ó dì bí ẹ̀kọ ṣe ń dì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí òun ni ó ń mú kí jáàmù dì. Nínú ewéko, àlà àárín sẹ́ẹ̀lì ni ó pọ̀ sí jù lọ, òun sì ni ó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì. Funfun inú èèpo ọsàn kún fún un. Yíyọ̀ tí ilá ń yọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn àwọn èròjà tí ó jẹ́ ẹbí pectin.

Ìyá tí ó ń dáná nílé ń bá pectin ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí máńgòrò tàbí tòmátò bá pọ́n, ẹ́ńsáìmù inú èso náà ni ó ń tú pectin, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń jáwọ́ lára wọn, tí èso náà sì ń rọ̀. Nígbà tí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún fùfú, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi náà ni ó ń tú u. Bí a bá fi kán-ún sí ẹ̀wà, kán-ún ń mú kí pectin tètè yọ́, ẹ̀wà a sì tètè rọ̀. Bí a bá wá tètè da tòmátò sí i kí ó tó rọ̀, kíkan inú tòmátò kì í jẹ́ kí pectin yọ́ bọ̀rọ̀, ẹ̀wà náà a sì pẹ́ lórí iná. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ láti ẹ̀yìn wá ni sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé.

LIGNIN: ÒUN NI Ó SỌ EWÉKO DI IGI

Lignum ni Látìnì ń pe igi. Onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Augustin Pyramus de Candolle, ni ó mú orúkọ lignin jáde láti inú rẹ̀ ní ọdún 1813. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé lignin kì í ṣe ṣúgà bí àwọn tí a ti dárúkọ ṣáájú. Ìran mìíràn ni òun.

Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe dẹ́kìn ilé alájà yóò lóye iṣẹ́ rẹ̀. Irin nìkan lè tẹ̀. Kọnkéré nìkan lè sán. Ṣùgbọ́n bí a bá da kọnkéré lé irin, ó di ohun tí ó lè gbé ẹrù wúwo. Cellulose ni irin yẹn, lignin sì ni kọnkéré. Bí lignin bá ti wọ inú ògiri tí ó sì dì, ògiri náà kò lè nà mọ́, kò sì lè tẹ̀ bọ̀rọ̀. Omi kò tún ní lè ríbi gbà kọjá bí ó ṣe wù ú. Ohun tí ó mú kí ìrókò lè ga sókè fíofío, kí ó sì gbé omi láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó orí, nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ igi, lignin máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó ṣòro láti tú. Ìwọ̀nba ẹ̀dá ni ó lágbára rẹ̀, àwọn olú kan ni ó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ikán tí ó ń mọ ọ̀gán pàápàá kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó ń gbin olú sínú ilé rẹ̀, olú yìí ni ó ń bá a tú igi tí ó kó wálé. Olú tí ó máa ń hù lórí ọ̀gán lásìkò òjò, tí a ń ká jẹ, ara oko ikán náà ni ó ti yọ.

Nínú yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, èròjà kan tí ń jẹ́ phloroglucinol, pẹ̀lú ásíìdì, ni wọ́n fi ń dá lignin mọ̀. Ibi tí lignin bá wà yóò pọ́n.

SUBERIN ÀTI CUTIN: AṢỌ ÒJÒ EWÉKO

Suber ni orúkọ tí Látìnì ń pe igi tí Hooke gé èèpo rẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Potogí àti Sípéènì. Cutis sì ni Látìnì ń pe awọ ara. Èròjà méjèèjì ní ọ̀rá nínú, iṣẹ́ wọn sì ni láti dí omi lọ́nà. Cutin wà lójú ewé àti ara ọ̀mùnú èso, ó máa ń pàdé ìda níbẹ̀. Suberin wà nínú èèpo igi, gbòǹgbò àti èèpo iṣu.

Omi tí ó ń yí gbirigbiri lójú ewé kókò láìrin ín kò ṣẹ̀yìn awọ yìí àti ìda tí ó wà lójú rẹ̀. Ní ti suberin, ẹ wo iṣu tí ọkọ́ bá ṣá nígbà tí wọ́n ń wa á. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí ibi tí ó móoru tí ó sì ní ọ̀rinrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lójú ọgbẹ́ náà yóò kó suberin sínú ògiri wọn, èèpo tuntun yóò sì bo ibẹ̀. Iṣu bẹ́ẹ̀ kì í tètè rà. Àgbẹ̀ tí ó mọ èyí kì í kó iṣu tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù jọ sí àárín àwọn tí ara wọn dá ṣáká.

SCLERENCHYMA: AGBO-ILÉ ÀWỌN TÓ LE

Nísinsìnyí a ti kúrò ní ọ̀rọ̀ amọ̀, a dé orí agbo-ilé. Skleros ni Gíríìkì ń pe ohun tí ó le. Georg Mettenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó mú ọ̀rọ̀ sclerenchyma wọlé ní ọdún 1865, fún agbo sẹ́ẹ̀lì tí ògiri wọn nípọn, tí lignin sì sábà máa ń kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ó ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a dá wọn fún. Kò sí onílé mọ́, ògiri ni ó ń gbé igi ró.

Oríṣìí sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín bí okùn, tí a lè pè ní fọ́nrán. Fọ́nrán ni ó ń yà sílẹ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì nígbà tí a bá run pákò lẹ́nu. Òun náà ni ó wà nínú kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ ewédú lè má mọ̀ pé ewéko kan náà, tí onímọ̀ ń pè ní Corchorus olitorius, ni wọ́n ń gbìn ní Íńdíà àti Bangladesh nítorí fọ́nrán ara èèpo rẹ̀. Wọ́n á rẹ igi rẹ̀ sómi kí pectin tú, wọ́n á bó fọ́nrán rẹ̀, wọ́n á sì fi hun àpò ìdọ̀họ, irú èyí tí a fi ń kó kòkó. Àwa ń jẹ ewé, wọ́n ń hun èèpo.

Oríṣìí kejì ni sclereid, tí àwọn kan ń pè ní sẹ́ẹ̀lì òkúta. Kò gùn, ó kì pọ́pọ́ ni, ògiri rẹ̀ sì ti nípọn títí tí iyàrá inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ohun tí ó ń rún bí iyanrìn lábẹ́ eyín nígbà tí a bá ń jẹ gúáfà, sẹ́ẹ̀lì òkúta ni.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pa sclerenchyma pọ̀ mọ́ collenchyma. Kolla nínú èdè Gíríìkì ni àtè. Agbo sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè ni collenchyma, pectin àti cellulose ni ó kún ògiri rẹ̀, kò sì ní lignin. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọ̀mùnú igi ewé lè dúró síbẹ̀ kí ó sì tẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láìkán.

XYLEM, ÌRÓKÒ ÀTI Ọ̀PẸ

Xylon ni Gíríìkì ń pe igi. Carl Nägeli, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó fi sọ xylem lórúkọ ní ọdún 1858. Xylem ni agbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sókè. Igi ìrókò tí káfíńtà ń fá kì í ṣe ohun mìíràn ju xylem tí ó ti ń gun ara lọ́dọọdún. Ti inú, tí kò gbé omi mọ́, ni ó máa ń dúdú tí ó sì ń le jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lignin nìkan ni ó ń lé ikán sá fún ìrókò. Igi náà máa ń kó àwọn èròjà kíkorò mìíràn sí àárín rẹ̀.

Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í fi xylem gun ara lọ́dọọdún bí ìrókò. Fọ́nrán tí ó yí àwọn ọ̀nà omi rẹ̀ ká ni ó ń gbé e ró, fọ́nrán wọ̀nyí sì pọ̀ sí ìta ju inú lọ. Nítorí náà ni ara ọ̀pẹ fi le níta tí ó sì rọ̀ nínú, nígbà tí ti ìrókò jẹ́ pé inú ni ó le jù.

OHUN TÍ LÍLE ÌKARAHUN ÈKÙRỌ́ KỌ́ WA

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju ti ìdánwò lọ, kí ó wo ẹyìn. Ìkarahun èkùrọ́ jẹ́ sclerenchyma tí lignin kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ìdí nìyí tí iná rẹ̀ fi gbóná tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí ìkarahun bá gbà lára ẹyìn, epo kò lè gbà á mọ́.

Oríṣìí ọ̀pẹ mẹ́ta ni ó wà nípa ìkarahun. Dura, tí ó pọ̀ nínú igbó wa, ní ìkarahun tí ó nípọn. Pisifera kò ní ìkarahun rárá, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ sábà máa ń jábọ́ kí ó tó gbó. Tenera ní ìkarahun fẹ́lẹ́, ẹran ara ẹyìn rẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 1941, Beirnaert àti Vanderweyen, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, fi hàn pé tenera kì í ṣe ìran ọ̀tọ̀, ọmọ tí dura àti pisifera bí ni. Láti ìgbà náà ni àwọn ibùdó ìwádìí, títí kan NIFOR tí ó wà nítòsí ìlú Benin, ti ń mú èyí ṣe irúgbìn ọ̀pẹ olówó. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ rí ojúlówó jíìnì tí ó ń pàṣẹ ìkarahun náà, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní SHELL. Ohun tí ó wá yọrí sí ni pé jíìnì kan ṣoṣo tí ó ń sọ bí ìkarahun yóò ti nípọn tó ni ó ń sọ iye epo tí àgbẹ̀ yóò rí lára ìdì ẹyìn kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bébà. Cellulose ni bébà, lignin sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 1879, Carl Dahl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe àwárí ọ̀nà tí a fi ń fi kẹ́míkà se igi kí lignin lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Bébà tí a ṣe báyìí máa ń yi. Ṣùgbọ́n bébà ìwé ìròyìn sábà máa ń wá láti ara igi tí a kàn lọ̀ ni, lignin ṣì wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti ń bá lignin náà jà, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Ẹni tí ó bá tọ́jú ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú àpótí mọ ohun tí à ń wí.

NÍ ṢÓKÍ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Cellulose: èròjà, okùn glucose, ọ̀pá irin inú ògiri.
Hemicellulose: èròjà, okùn kúkúrú tí ó ń so cellulose mọ́ àwọn yòókù.
Pectin: èròjà; àtè àárín sẹ́ẹ̀lì méjì.
Lignin: èròjà, kọnkéré tí ó ń mú ògiri le, kì í ṣe ṣúgà.
Suberin: èròjà ọlọ́ràá, ó wà nínú èèpo igi àti èèpo iṣu.
Cutin: èròjà ọlọ́ràá; ó wà lójú ewé.
Fọ́nrán: sẹ́ẹ̀lì gígùn tí ògiri rẹ̀ nípọn.
Sclereid: sẹ́ẹ̀lì òkúta.
Collenchyma: agbo sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, tí ó ń gbé ewéko ró láìní lignin.
Sclerenchyma: agbo sẹ́ẹ̀lì líle, tí púpọ̀ nínú wọn ti kú.
Xylem: agbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé omi, òun ni igi.

TA NI YÓÒ SỌ Ọ́ FÚN ỌMỌ WA?

Ní ọdún 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, àlàyé tí ọmọ kò bá rí gbà ní kíláàsì, àfi kí ó gbà á nílé tàbí nínú ìwé tí ó ń kà lédè rẹ̀.

Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí ilá bá wà ní ọ̀mùnú, a ní ó rọ̀. Bí fọ́nrán rẹ̀ bá ti le, tí lignin ti wọ̀ ọ́, a ní ilá náà ti kó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, kó, ni àwọn onímọ̀ ń lo gbólóhùn gígùn láti sọ. Àwọn tí ó sọ lignin lórúkọ wo igi, wọ́n sì pè é ní ti igi. Àwọn tí ó sọ pectin lórúkọ wo ohun tí ó dì. Ilé ni wọ́n wò. Bí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa bá wọ kíláàsì lọ́la, tí ó mú ilá méjì lọ́wọ́, ọ̀kan tí ó ṣì rọ̀ àti ọ̀kan tí ó ti kó, tí ó sì ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí kí ó tó kọ sclerenchyma sójú pátákó.